Ẹni Tó Ní Kí Ọkọ̀ Máa Lọ

Bí ẹnu bá jẹ́ ọrọ̀ ni, Tahirah ì bá ti kọ́ ilé alájà mẹ́ta sí Ìlọrà. Tíṣà èdè Yorùbá ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ láti Ìmini, kò sì tíì pé ọmọ ogójì ọdún. Láti kékeré ni kò ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Bàbá rẹ̀ a máa sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kò sunkún, ńṣe ló ń ṣàròyé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bẹ̀rù rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, torí kì í ṣe ojúsàájú. Ọmọ olówó àti ọmọ ẹni tó ń ta iṣu létí títì, ojú kan náà ló fi ń wò wọ́n, ohùn kan náà ló sì fi ń bá wọn wí.

Òun ló dá ẹgbẹ́ òṣèré sílẹ̀ ní Ìlọrà. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn láràárọ̀ wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́jà náà wà níbẹ̀. Lọ́dọọdún wọn a ṣe eré apanilẹ́rìn-ín kan, àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, oníkálukú a sì gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí à ń wí yìí, Tahirah ní ẹ̀rín tó gẹ́ẹ́. Ó jókòó, ó kọ eré kan tó pè ní *Ta Ló Jẹ̀bi?*

Eré náà kò lọ́jú pọ̀. Olówó kan ló ni ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó ọsàn láti Fìdítì lọ sí Ìbàdàn. Awakọ̀ rẹ̀ wá bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní bíréèkì ọkọ̀ kò mú mọ́. Olówó ní ọsàn ti fẹ́ máa jẹrà, kó máa lọ ná, tó bá dé wọn yóò tún un ṣe. Awakọ̀ lọ. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, bíréèkì kọ̀, ọkọ̀ sì pa obìnrin kan tó ń ta ọsàn létí títì. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, gbogbo ìka ló nà sí awakọ̀. Ìgbà yẹn ni ìyá obìnrin tó kú wọlé, tó sì bi gbogbo wọn léèrè pé, "Ta ló ní kí ọkọ̀ máa lọ?" Ibẹ̀ ni eré yóò ti dúró, àwọn òṣèré kò ní mira mọ́, àwọn tó ń wòran ni yóò sì dájọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ pín ipa, kálukú ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, tàbí kí n sọ pé wọ́n rò pé àwọn mọ̀ ọ́n. Abdulqoyyum wà nínú ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó kàwé jáde, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ńlá kan ní Ìbàdàn, tó sì ń wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí bàbá rẹ̀ rà fún un. Alhaji Yúnúsà Ọ̀pádọ̀tun ni bàbá náà, òun ló ni bọ́ọ̀sì tó pọ̀ jù ní Ìlọrà. Ta ni kò mọ̀ pé Abdulqoyyum ni yóò ṣe olówó? Ṣùkúrù náà wà níbẹ̀, ẹni tó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ọ̀kan nínú àwọn bọ́ọ̀sì Alhaji ló sì ń wà láàárín Ìlọrà àti Ọ̀yọ́. Ta ni kò mọ̀ pé òun ni yóò ṣe awakọ̀?

Tahirah wò yí ká, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù, ẹ̀yin ni olówó. Abdulqoyyum, ìwọ ni awakọ̀."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Tahirah kò rẹ́rìn-ín.

"Ohun téèyàn mọ̀ lámọ̀jù, kì í wò ó mọ́," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká wo nǹkan wò."

Àṣé ibi tí wàhálà yóò ti kọ́kọ́ yọjú, nínú ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣoṣo ni. Olówó inú eré ń pe awakọ̀ rẹ̀ ní "ìwọ", awakọ̀ sì ń sọ "ẹ" fún ọ̀gá rẹ̀. Ahọ́n Ṣùkúrù kọ̀ jálẹ̀. Bó bá dé ibẹ̀, yóò wo ojú ọmọ Alhaji, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, "Ẹ máa lọ ná" ni yóò sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù!" Tahirah á pariwo. "Ta lẹ ń sọ 'ẹ' fún? Ọmọdé yìí?"

"Tíṣà, ẹ má bínú. Ó ti mọ́ mi lẹ́nu ni."

Ti Abdulqoyyum tún wá burú ju tiẹ̀ lọ. Láti ìgbà tó ti gbọ́njú ló ti ń pe Ṣùkúrù ní "Ṣùkúrù", tó ń sọ pé "Ṣùkúrù, wá gbé àpò yìí", bẹ́ẹ̀ ọkùnrin náà tó bàbá rẹ̀ kékeré. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó bá a wí rí. Nígbà tí eré wá ní kó dọ̀bálẹ̀, kó sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi," ńṣe ló ń ṣe bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Fèyísọ́lá, nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ìyá obìnrin tó kú, ní, "Abdulqoyyum, o ń bẹ̀bẹ̀ bí ẹni tó ń pàṣẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún, torí òótọ́ ni.

Kì í ṣe ọmọkọ́mọ, ohun tí a gbọ́dọ̀ sọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó gba ìsinmi níbi iṣẹ́, ó bẹ Ṣùkúrù pé kó jẹ́ kí òun jókòó sí iwájú ọkọ̀, kí òun lè mọ bí awakọ̀ ṣe ń ṣe. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tó wọ aṣọ ọ́fíìsì ní kí Ṣùkúrù já òun sílẹ̀. Ọkọ̀ kọjá ibẹ̀ díẹ̀ nítorí kòtò. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: "Ìwọ awakọ̀ yìí, ṣé adití ni ẹ́? Wò ó bó ṣe ń wò!" Ṣùkúrù ní, "Ẹ má bínú, màámà." Obìnrin náà kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Abdulqoyyum wo ẹ̀gbẹ́ ojú Ṣùkúrù, kò rí ìbínú níbẹ̀, kò sì rí ìyàlẹ́nu. Ojú náà kàn tì pa bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ohùn obìnrin náà kò sì ṣàjèjì sí i. Bí òun náà ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè é ní "Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù", nínú eré àti lẹ́yìn eré. Nígbà tí ó rọ̀ ọ́ lẹ́nu, ahọ́n Ṣùkúrù náà tú. Ọkùnrin tí kì í gbé ojú sókè bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá agbádá gbá afẹ́fẹ́. Ó tẹ ikùn síwájú, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ jẹ ní gbèsè ìkíni. Ẹ̀rù ìdùnnú ba Tahirah. Ó mọ̀ pé eré yìí yóò dùn.

Inú gbọ̀ngàn Alhaji Yúnúsà ni wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, òun náà ló yá wọn ní àga àti jẹnẹrétọ̀. Èèyàn dáadáa ni, ó lawọ́, kì í jẹ́ kí aládùúgbò rẹ̀ sùn lébi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó yà wọlé wá wo àwọn ọmọ tó ń ràn lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ tó gbé wọlé, ohun tó rí ni ọmọkùnrin rẹ̀ tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú awakọ̀ rẹ̀, tí awakọ̀ náà sì ń sọ pé, "Ìwọ, dìde níwájú mi, o ń dí mi lójú. Mo ní kó o máa lọ!"

"Kí ni mò ń wò yìí?" Ohùn Alhaji gba gbogbo gbọ̀ngàn.

Abdulqoyyum fò dìde. Ṣùkúrù bọ́ agbádá lọ́rùn bí ẹni tí iná jó.

"Bàbá, eré ni," Abdulqoyyum wí. "Ipa tí Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù ń ṣe..."

"Bọ̀ọ̀dá ta ni? Ṣùkúrù tó ń wakọ̀ mi ló ti di bọ̀ọ̀dá rẹ? Mo rán ẹ nílé ìwé, mo wọ̀ ẹ́ láṣọ, kó o lè wá máa nà gbalaja fún dírẹ́bà mi lójú gbogbo ayé?" Ó kọjú sí Tahirah. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo kọ nǹkan yìí?"

Tahirah kúnlẹ̀, ó kí i dáadáa, ó sì dìde.

"Èmi ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ yín bá ṣe olè nínú eré, ṣé ọlọ́pàá á wá mú un lọ́la? Bó bá ṣe ọba, ṣé ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ fún un ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ̀rín yẹn ló ba nǹkan jẹ́.

Alhaji ní, "Mo gbọ́. Ẹ pààrọ̀ wọn. Kí ọmọ mi ṣe ọ̀gá, kí Ṣùkúrù ṣe dírẹ́bà bí Ọlọ́run ṣe dá a. Kí ẹ sì wá ìparí mìíràn fún un, kó hàn pé dírẹ́bà ló jẹ̀bi. Ta ló mú ìdarí ọkọ̀ dání? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, gbọ̀ngàn mi nìyí."

Gbogbo ojú wo Tahirah. Ara rẹ̀ ń gbóná, ọ̀rọ̀ sì ń sáré wá bá a bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè.

"Bàbá, ẹ ṣeun tí ẹ ti ń gbà wá sílé. Àdúrà la ó máa gbà fún yín. Àwa á jáde."

Ó ká ìwé eré rẹ̀, ó so gèlè rẹ̀ le, ó sì ṣíwájú. Wọ́n tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú títì, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ó sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun akọni.

Lọ́jọ́ kejì ó nílò àti dé Ọ̀yọ́. Bọ́ọ̀sì tí Ṣùkúrù ń wà ló dé, ṣùgbọ́n ọkùnrin mìíràn ló wà nídìí ọkọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù ńkọ́?"

"Alhaji ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ṣé ẹ ń wọlé ni, àbí ẹ kò wọlé?"

Tahirah kò wọlé. Ó dúró síbẹ̀ tí ọkọ̀ fi lọ, tí eruku fi bò ó lẹ́sẹ̀. Ohun tó wá sí i lọ́kàn kò gún régé, ṣùgbọ́n kò ṣeé lé lọ. Òun ló sọ̀rọ̀ lánàá. Ìparí oṣù yóò dé, ìjọba yóò san owó oṣù òun bó ti máa ń san án, Alhaji kò sì lè fi ìka kan irun kan lórí òun. Abdulqoyyum yóò padà sí ọ́fíìsì rẹ̀. Fèyísọ́lá yóò padà sí ilé ìwòsàn rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló fi oúnjẹ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ó bá Ṣùkúrù lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tó ti ń ro àgbàdo díẹ̀ tó gbìn síbẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọkọ́ lé èjìká nígbà tó rí i.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ má bínú. A ó pààrọ̀ ipa. Mo ń lọ sọ́dọ̀ Alhaji nísinsìnyí láti sọ fún un."

Ṣùkúrù fa ojú ro. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n, Tahirah rí i pé inú ń bí i.

"Ẹ tún ti ń lọ."

"Kí lẹ wí?"

"Mo ní ẹ tún ti ń lọ. Lánàá, nígbà tí ẹ ní àwa á jáde, ta lẹ bi? Ẹ kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Ní báyìí ẹ ní a ó pààrọ̀. Ta lẹ bi?" Ó gbé ọkọ́ kalẹ̀. "Tíṣà, ẹ kọ eré tó dára. Mo ti há gbogbo rẹ̀ sórí, tèmi àti ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ní kí ọkọ̀ máa lọ lánàá, èmi ni mo sì wà nídìí ọkọ̀."

Tahirah la ẹnu, kò rí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ̀ pé ohun ńlá nìyẹn. Ó jókòó sórí àpáta kan lẹ́bàá àgbàdo náà. Afẹ́fẹ́ fẹ́ ewé àgbàdo, adìyẹ kan kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

"Òótọ́ lẹ sọ," ló wí nígbà tó yá. "Mo fi orí yín jà. Kí ni kí a ṣe? Ẹ̀yin ni mò ń bi."

Ìbínú Ṣùkúrù rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀.

"Táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yẹn ti pá, Tíṣà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún Alhaji. Bí mo bá ń sọ ọ́, ẹsẹ̀ ara mi ni mo máa ń wò, ọ̀rọ̀ náà a sì jáde bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nítorí ohun tí òun jí. Èèyàn rere ni Alhaji. Ṣùgbọ́n kì í gbọ́ mi, torí èmi náà kì í sọ ọ́ kó dún. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe olówó yìí, mo ti wá mọ bí ọ̀rọ̀ awakọ̀ ṣe ń dún létí ọ̀gá. Ó kéré. Ó jìnnà. Mo fẹ́ kí Alhaji wò ó. Mi ò fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo fẹ́ kó kàn rí i ni."

"Ẹ ṣì fẹ́ ṣe é?"

"Tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin lẹ fi mí ṣe é. Ní báyìí, èmi ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ lọ bá Alhaji, ẹ má bẹ̀bẹ̀ nítorí bọ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe èmi ni mo rẹ́rìn-ín lánàá, kẹ́ ẹ sì pè é wá síbi eré."

Tahirah kò kàn gbé ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu kó máa lọ. Ó kọ́kọ́ gba Àwẹ́ lọ, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ní píkọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń kó iṣu. Ó ní kó gba Ṣùkúrù sí iṣẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú, ó sì dúró fún un pé bí ohunkóhun bá ṣe ọkọ̀ náà, òun ni kí wọ́n mú. Ọkùnrin náà wò ó títí. "Ìwọ tí o kì í dúró fún ẹnikẹ́ni?" Ṣùgbọ́n ó gbà.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, òun àti Abdulqoyyum wà níwájú Alhaji. Tahirah tọrọ àforíjì nítorí ẹ̀rín tí wọ́n fi bàbá rín. Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo fèsì fún yín, Bọ̀ọ̀dá Ṣùkúrù kò la ẹnu rárá. Bí ìyà bá tọ́ sí ẹnikẹ́ni, èmi ló tọ́ sí. Ṣùgbọ́n ipa tí a pín, bẹ́ẹ̀ náà la ó ṣe ṣe é. Ní Fìdítì ni, ní gbangba ọjà ọsàn, lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn Àlàásárì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó."

Abdulqoyyum na ọwọ́ sí àpò, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn nítorí eré tí a jọ ń ṣe. Èmi náà wà nínú rẹ̀. Kò yẹ kí tiwọn lọ kí tèmi kù."

"Wọn," ni Alhaji tún wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọ̀rọ̀ náà wò. Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ẹ máa lọ sí ilé yín."

Bí wọ́n ṣe jáde nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì èrò ni Abdulqoyyum ń wọ̀ lọ sí Ìbàdàn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi í léèrè pé ṣé ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ni. Ó ní rárá, ó wà nílé.

Nígbà tí Sátidé pé, gbangba ọjà kún. Àwọn oníṣòwò ọsàn ti ti ọjà wọn sẹ́yìn, òórùn ọsàn sì gba gbogbo ibẹ̀ kan. Nítorí pé kò sí àga láti gbọ̀ngàn, Tahirah ti kéde pé kí oníkálukú gbé ìjókòó rẹ̀ wá láti ilé. Bẹ́ńṣì dé, àpótí dé, kẹ̀kẹ́ ọkadà di àga. Kò sí iwájú ẹni ńlá, kò sí ẹ̀yìn mẹ̀kúnnù. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló jókòó síwájú. Ọ̀gá kan láti ìjọba ìbílẹ̀ wá, ó ń wá ibi tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, nígbà tí kò rí i ó jókòó sórí ìtì igi bíi ti gbogbo èèyàn.

Eré ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Tahirah rí ọkọ̀ dúdú Alhaji létí títì. Gíláàsì rẹ̀ wà ní títì. Nígbà tó tún máa wo ibẹ̀, gíláàsì ti wálẹ̀ dé ìdajì. Nígbà tó wò ó lẹ́ẹ̀kẹta, Alhaji ti bọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́yìn èrò, ó ń na ọrùn. Ìyá arúgbó kan tó ń ta ọsàn sún ìdí sápá kan lórí bẹ́ńṣì rẹ̀. "Alhaji, ẹ jókòó síbí, ẹsẹ̀ á ro yín." Alhaji jókòó.

Ṣùkúrù kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀gá gidi ló ṣe, ẹni tó ń ronú nípa ilé rẹ̀, tí orí ń fọ́, tó gbọ́ ọ̀rọ̀ awakọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn agogo lókèèrè. Kò pariwo nígbà tó sọ pé, "Máa lọ ná, tó o bá dé a ó tún un ṣe." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣe oore. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọjà fi dákẹ́. Abdulqoyyum dìde nínú erùpẹ̀, kò gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì lọ.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti pani, Fèyísọ́lá wọ́ ẹsẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, aṣọ ọmọ rẹ̀ lápá. Ó béèrè ìbéèrè rẹ̀. Gbogbo òṣèré dúró gbagidi.

"Dírẹ́bà ni!" ọkùnrin kan kígbe. "Ẹsẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ló dé tí kò sọ̀kalẹ̀?"

"Kó sọ̀kalẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ jẹ kí ni?" obìnrin kan dá a lóhùn. "Olówó ni!"

"Àwa ọlọ́sàn ńkọ́, tí a ní kí wọ́n tètè wá kẹ́rù kó má bàa bàjẹ́?"

Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ ń fò láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì. Bí ìwé eré ṣe wí, kí òṣèré kankan má ṣe mira títí Tahirah yóò fi jáde wá dúpẹ́ lọ́wọ́ èrò. Ṣùgbọ́n Ṣùkúrù mira. Ó rìn síwájú nínú agbádá olówó, ó dúró láàárín awakọ̀ àti èrò, tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi bo ọ̀dọ́mọkùnrin náà.

"Ẹ má wo ojú rẹ̀ mọ́," ló wí. "Ojú mi ni kí ẹ wò. Ó sọ fún mi, mo gbọ́. Èmi ni mo ní kó máa lọ."

Kò sí i nínú ohun tí Tahirah kọ. Ẹnu yà á, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò wà nínú eré nítorí pé kò rò ó rí pé olówó kan lè sọ ọ́. Ṣùkúrù ló rò ó. Nígbà tí òun ń wá bí ọ̀gá yóò ṣe jẹ̀bi, Ṣùkúrù ń wá bí ọ̀gá yóò ṣe di ènìyàn.

Àtẹ́wọ́ bú. Tahirah wo ọ̀dọ̀ bẹ́ńṣì ìyá arúgbó. Alhaji kò pàtẹ́wọ́. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ pa orí rẹ̀, ó dé fìlà padà. Kí àtẹ́wọ́ tó rọlẹ̀, ó ti wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé ló ránṣẹ́ pe Ṣùkúrù. Kò pe Tahirah, bẹ́ẹ̀ ni Tahirah kò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń yún un. Ohun tí Ṣùkúrù padà wá sọ ni pé Alhaji na kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì sí òun, òun kò sì gbà á.

"Ẹ ò gbà á kẹ̀?"

"Mo gbé ojú sókè, Tíṣà. Mo ní, 'Alhaji, ẹ ṣeun. Táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́. Mi ò ní fi kó èrò.' Mo rò pé á lé mi jáde. Ló bá ní, 'Ó ti tó ìgbà mélòó tí o ti sọ fún mi?' Mo ní ó ti pẹ́. Ó ní, 'Mi ò gbọ́.' Mo ní, 'Mo mọ̀.' Ó bá pe mẹkáníìkì níwájú mi."

Ti kọ́kọ́rọ́ ọmọ rẹ̀, Alhaji kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Orí tábìlì náà ló wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, títí ìyá Abdulqoyyum fi gbé e fún un láì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Òkìkí eré náà kàn dé Àwẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ ní kí wọ́n wá ṣe é fún àwọn. Tahirah ti fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti dé ètè rẹ̀, ló bá pa ẹnu dé. Ó kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ.

"Ta nínú wa ni lílọ yìí lè pa lára?" ló bi wọ́n. "Ẹ má tijú. Ẹ sọ ọ́."

Fèyísọ́lá na ọwọ́. Ó ní ọ̀gá ọkọ òun wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ní ọkọ̀ akẹ́rù méjì. Kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ọkọ òun jíròrò ná.

Wọ́n dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tahirah tí kì í dúró de ẹnikẹ́ni náà dúró, kò sì ránṣẹ́ lọ bi í léèrè. Nígbà tí tọkọtaya fọwọ́ sí i, wọ́n lọ. Ní Àwẹ́, awakọ̀ ni gbogbo èrò dá lẹ́bi, tàgbà tèwe, wọ́n kò tilẹ̀ fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ olówó. Abdulqoyyum ń bá wọn jiyàn láti orí ìtàgé pẹ̀lú erùpẹ̀ lára aṣọ rẹ̀, Ṣùkúrù ń rẹ́rìn-ín nínú agbádá, Tahirah sì jókòó sáàárín èrò, ó ń gbọ́ tiwọn, kò fèsì.